Olúwa Mọ Ibi Tí Wọ́n Wà

Bíbélì kíkà: Diutarónómì 34:1–8, 2 Sámúẹ́lì 21:10–14

Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ará. Ọpẹ́ ni fún Olúwa tó jí wa lónìí. Àwọn kan jáde nílé láàárọ̀ bíi tiwa, ilé kò sì rí wọn mọ́. Nítorí àwọn tó ń retí irú wọn ni mo ṣe mú ọ̀rọ̀ yìí wá.

Ní ọjọ́ 7 oṣù kejì ọdún 1968, ọkọ̀ òfurufú ológun ilẹ̀ Íńdíà kan, An-12 tí wọ́n fi ń kó ẹrù àti sójà, gbéra ní Chandigarh. Leh ló ń lọ, láàárín àwọn òkè Himalaya. Èèyàn 102 ló wà nínú rẹ̀, sójà ló pọ̀ jù. Nígbà òtútù, yìnyín máa ń dí ọ̀nà Leh pa, òfurufú ni wọ́n ń bá wọ ibẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ojú ọjọ́ burú, awakọ̀ bá pinnu láti yí padà. Ìpinnu ọlọ́gbọ́n ni, mo sì fẹ́ kí a gbọ́ ọ dáadáa, torí àwa kan wà tó jẹ́ pé bí jàǹbá bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó kú la kọ́kọ́ máa ń wá. Nítòsí ọ̀nà orí òkè Rohtang, tó ga tó nǹkan bí 4,000 mítà, ni ohùn rẹ̀ ti dákẹ́ lórí rédíò.

Wọ́n wá a, wọn ò rí i. Ọdún 2003 ni àwọn tó ń gun òkè ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àfọ́kù ọkọ̀ náà. Yìnyín orí òkè gíga kì í dúró sójú kan, ó ń rọra sọ̀ kalẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún, ohun tó gbé mì lókè lè yọ jáde nísàlẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn sójà ti ń padà gun òkè yẹn lọ wá àwọn ará wọn, ní àkókò kúkúrú tí yìnyín bá rọjú nínú ọdún. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, wọ́n rí òkú mẹ́rin sí i. Ọdún 56 ti kọjá. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ Kristẹni láti ìpínlẹ̀ Kerala, ọmọ ọdún 22 péré nígbà tó wọ ọkọ̀ náà. Àwọn òbí rẹ̀ ti kú kí ìròyìn tó dé. Àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ló gbà á, tí wọ́n sì sin ín.

Àwọn àgbà ní kí ọmọ ẹni kú sàn ju kó sọnù lọ. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú á sunkún, á sin ín, á nu ojú. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ sọnù, gbogbo ìró ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ló ń mú un dìde. Bàbá kò lè ṣe òkú, ìyàwó kò mọ̀ bóyá opó lòun tàbí abilékọ.

Ẹ wo Mósè. Ó gun òkè Nébò, kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Bíbélì ní Olúwa fúnra rẹ̀ ló sin ín, ẹnikẹ́ni kò sì mọ ibojì rẹ̀. Ẹ fiyè sí ohun tó tẹ̀ lé e: àwọn ọmọ Ísírẹ́lì sunkún rẹ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́. Wọn ò rí òkú, wọn ò rí sàréè, síbẹ̀ Ọlọ́run kò ní kí wọ́n gbé ẹkún wọn mì. Ìwọ tí o kò rí ibojì ẹni rẹ, o láṣẹ láti sunkún. Ibi tí o kò mọ̀ yẹn, ojú Olúwa tó o.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi èyí sọ pé wíwá òkú kò wúlò. Wọ́n pa ọmọ méjì tí Rispa, wáhàrì Sọ́ọ̀lù ọba, bí, ó tẹ́ aṣọ ọ̀fọ̀ sórí àpáta, kò jẹ́ kí ẹyẹ bà lé wọn lọ́sàn-án, kò jẹ́ kí ẹranko débẹ̀ lóru. Nígbà tí Dáfídì gbọ́, ó dìde lọ kó egungun Sọ́ọ̀lù àti Jónátánì tó ti wà ní Jabéṣì-Gílíádì tipẹ́, ó sin wọ́n sí ibojì bàbá Sọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn èyí ni Ọlọ́run gbọ́ ẹ̀bẹ̀ nítorí ilẹ̀ náà. Sójà tó ń wa yìnyín lónìí nítorí ẹni tó kú kí wọ́n tó bí òun, iṣẹ́ Dáfídì ló ń ṣe.

Ẹ̀yin aríran, ẹ jọ̀ọ́. Bí ọkọ̀ òfurufú bá sọnù, ẹ má sáré lọ sọ fún ìyá ọmọ pé ẹ rí i láàyè lójú ìran, nígbà tí Olúwa kò rán yín. Ọ̀rọ̀ yín lè so obìnrin náà mọ́ ẹnu ọ̀nà fún ogójì ọdún. Ẹ lọ jókòó tì í, kí ẹ dárúkọ ọmọ rẹ̀. Bí kò bá tíì ṣe tán láti gbà pé ó ti kú, ẹ má kán an lójú.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Bàbá wa ọ̀run, ìwọ tí o sin Mósè ní àfonífojì, a dúpẹ́ pé kò sí àfonífojì tí ojú rẹ kò dé.

Olúwa, rántí ìyá tó ṣì ń ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ de ọmọ tí kò dé. Jẹ́ kó rí oorun sùn lálẹ́ òní. Bó bá wù ọ́, jẹ́ kó gbọ́ ìròyìn tòótọ́ kó tó kú.

Olùgbàlà, dárí jì wá níbi tí a ti fi àsọtẹ́lẹ̀ tí o kò rán wa dá kún ọgbẹ́ ọlọ́fọ̀.

Púpọ̀ nínú àwọn èèyàn 1968 yẹn ṣì wà lábẹ́ yìnyín, Olúwa. Pa àwọn tó ń gòkè lọ wá wọn mọ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọnù níbi tó ti ń wá ẹni tó sọnù.

Gbogbo awakọ̀ òfurufú tó máa kọjá láàárín òkè lónìí, la ojú wọn. Bó bá di pé kí wọ́n yí padà, fún wọn ní ìgboyà láti yí padà, kí o sì mú wọn délé.

Lórúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.