Ọ̀tá Ni Wọ́n Máa Ń Pààrọ̀: Ìwé Amí àti Fíìmù Tí Wọ́n Fi Ṣe

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe ní Bódìjà, n'Ìbàdàn nìyí. Mo tún un tẹ̀ fún àwọn tí wọn ò ráàyè wá. Mo yọ ibi tí iná ti lọ tá a dẹ̀ ń dúró de jẹnẹrétọ̀, ṣùgbọ́n mo fi àwọn yẹ̀yẹ́ ibẹ̀ sílẹ̀, torí àwọn tí mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ gan-an ló ní kí n má yọ ọ́.

Ẹ káalẹ́ o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, àyè ṣì wà níwájú, ẹ máa bọ̀, mi ò ní í bi ẹnì kankan ní ìbéèrè.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ kan kúrò lọ́nà. Gbogbo ìgbà tá a bá ti dárúkọ fíìmù tí wọ́n fi ìwé ṣe, ẹnì kan á dìde, á ní ìwé ló dáa jù, wọ́n ti gé gbogbo ibi tó dùn dànù, wákàtí méjì ò lè gba ìwé olójú-ewé irínwó. Ọ̀rẹ́ mi kan wà níwájú níbí tó ń rẹ́rìn-ín, ó mọ̀ pé òun ni mò ń bá wí, ọjọ́ pẹ́ tó ti ń sọ ọ́ fún mi. Lóòótọ́ wọ́n ń gé e. Ta ni ò mọ̀yẹn? Ṣùgbọ́n ẹ mú ìwé amí kan, ẹ mú fíìmù rẹ̀, kẹ́ ẹ wá béèrè ẹyọ ìbéèrè kan péré: ta ni ọ̀tá? Akọni á ṣì wà níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ kì í sábà yí, aṣọ rẹ̀ á tiẹ̀ tún dáa sí i, àmọ́ ọ̀tá á ti di ẹlòmíì. Ọdún tí wọ́n ṣe fíìmù ló ń yan ọ̀tá, kì í ṣe ọdún tí wọ́n kọ ìwé. Ohun tí mo bá wá nìyẹn, ẹni tó bá ní ìrìn níwájú lè máa lọ báyìí.

Ẹ jẹ́ ká fi James Bond bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tí kò fọwọ́ kan ìwé Ian Fleming rí náà mọ̀ ọ́n. Fleming ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń wá àṣírí fún ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, kì í ṣe pé wọ́n rò ó fún un. Nínú From Russia with Love tó jáde lọ́dún 1957, SMERSH ni ọ̀tá, àwọn ará Rọ́ṣíà tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa pa amí, ó tiẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀rẹ̀ ìwé pé ẹgbẹ́ yẹn wà lóòótọ́. (SMERSH gidi ti kógbá sílé láti 1946, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká bá a jà.) Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwé yẹn, ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀tá la wà, wọ́n jókòó ti tábìlì, wọ́n ń ṣí fáìlì, wọ́n ń bá ara wọn jiyàn lórí ẹni tó yẹ kí wọ́n pa, Bond ò tíì yọjú rárá. Ẹ wò ó, kí fíìmù lọ tó bẹ́ẹ̀ kí Sean Connery tó ń ṣe Bond tó jáde? N'Ìbàdàn níbí? Wọ́n á ti gbowó tíkẹ́ẹ̀tì padà.

October 1963 ni fíìmù náà jáde. October ọdún tó ṣáájú ni Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà fẹ́ fi bọ́ǹbù átọ́míìkì pa gbogbo ayé torí ọ̀rọ̀ Cuba. Àwọn oní fíìmù wá gba ìwà ìkà lọ́wọ́ Rọ́ṣíà, wọ́n gbé e fún SPECTRE, ẹgbẹ́ ọ̀daràn tí ò nílùú, tí ò ní ẹ̀ḿbásì tó lè kọ lẹ́tà ẹ̀hónú. Rosa Klebb tó jẹ́ ọ̀gá ní SMERSH nínú ìwé, nínú fíìmù ó ti yí lọ sọ́dọ̀ SPECTRE láìjẹ́ kí ẹnì kankan mọ̀, ọmọbìnrin tó rán níṣẹ́ dẹ̀ rò pé ìjọba òun lòún ń sìn. Bí Rọ́ṣíà náà ṣe di ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì nìyẹn o! Ohun tí wọ́n ti ṣe sí Dr. No lọ́dún 1962 náà nìyẹn, Rọ́ṣíà ló wà lẹ́yìn ọkùnrin yẹn nínú ìwé, SPECTRE ló wà lẹ́yìn ẹ̀ nínú fíìmù. (Nínú ìwé, ìgbẹ́ ẹyẹ ni wọ́n dà bò ó mọ́lẹ̀ tó fi kú. Fíìmù ní rárá, ìyẹn ò bójú mu, ẹ jẹ́ kó kú sínú omi.)

Goldfinger ló tún wá dùn jù. Nínú ìwé 1959, Goldfinger ń bá SMERSH tọ́jú owó, ó dẹ̀ fẹ́ kó gbogbo wúrà Amẹ́ríkà tó wà ní Fort Knox lọ. Kó o! Bí ẹní ń kó àpò gààrí. Àwọn tó ka ìwé náà ti bi Fleming pé báwo lèèyàn ṣe máa gbé wúrà tó tó yẹn kí sójà tó dé. Fíìmù gbé ìbéèrè yẹn sẹ́nu Bond fúnra ẹ̀: ó jókòó, ife ọtí lọ́wọ́, ó ń ṣírò iye ènìyàn, iye ọjọ́, iye ọkọ̀ tírélà, ó ní kò ṣeé ṣe. Goldfinger rẹ́rìn-ín, ó ní ta ló sọ pé òún fẹ́ kó o? Bọ́ǹbù ló fẹ́ gbé síbẹ̀, kí ìtànṣán rẹ̀ ba wúrà náà jẹ́ fún ọdún 58, kí tiẹ̀ lè gbówó lórí. Ìṣirò fíìmù dáa ju ti ìwé lọ, mo gbà, àti pé ọ̀rẹ́ mi tó wà níwájú yìí ò ní ohun tó lè sọ sí ìyẹn. Àmọ́ ẹ wo ẹni tó fún un ní bọ́ǹbù. Ṣáínà! Rọ́ṣíà ò sí ńbẹ̀ mọ́. Fíìmù náà bọ́ sí sinimá ní London ní September 1964, nígbà tó fi máa di October 16, Ṣáínà yin bọ́ǹbù átọ́míìkì àkọ́kọ́ wọn. Wọn ò tíì yọ fíìmù yẹn kúrò lójú pátákó.

Ẹnì kan máa ní eré ọmọdé ni Bond. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí kì í ṣe eré.

Graham Greene ti ṣe amí fún Gẹ̀ẹ́sì rí, Freetown ní Sierra Leone ni wọ́n gbé e sí nígbà ogun, nítorí náà ó mọ ẹ̀fọn wa. Lọ́dún 1955 ó kọ The Quiet American, nípa Vietnam nígbà tí Faransé ṣì ń jà níbẹ̀. Fowler, akọ̀ròyìn Gẹ̀ẹ́sì, ló ń sọ ìtàn náà. Ọmọ Amẹ́ríkà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Pyle, ọmọ tó níwà, tí kì í pariwo, tó ti kàwé yó, tó gbà pé òun mọ ohun tó dáa fún àwọn ará Vietnam ju àwọn fúnra wọn lọ. Pyle yìí ló fún ọ̀gágun kan ní ohun tí wọ́n fi ṣe bọ́ǹbù, bọ́ǹbù bú láàárín ìlú Saigon, ó pa àwọn tó jáde lọ ra nǹkan, ó pa ọmọdé. Pyle dé ibẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó rí nǹkan tútù lára bàtà ẹ̀, ó béèrè pé kí lèyí. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ni. Ó ní òún gbọ́dọ̀ lọ nu ún kóun tó lọ rí mínísítà.

Mo ti ka ibẹ̀ fún àwọn èèyàn rí tí wọ́n ní kí n tún un kà. Ó ṣe jẹ́jẹ́, kò bú ẹnì kankan, ọ̀rọ̀ bàtà lásán ló ń sọ.

Ọdún 1958, Joseph Mankiewicz, ọmọ Amẹ́ríkà, fi ṣe fíìmù. Edward Lansdale, tó ń ṣiṣẹ́ fún CIA, àjọ amí Amẹ́ríkà, ti kọ lẹ́tà sí i ṣáájú, ó gbà á nímọ̀ràn pé kó jẹ́ káwọn kọ́múníìsì ló ju bọ́ǹbù yẹn. Ó dẹ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀! Nínú fíìmù, ọmọ Amẹ́ríkà náà ò mọ nǹkan kan, àwọn kọ́múníìsì ló tan Fowler jẹ tó fi ṣokùnfà ikú ọmọ ọlọ́mọ. Ta ni wọ́n dẹ̀ fi ṣe ọmọ Amẹ́ríkà náà? Audie Murphy, sójà gidi, ọ̀kan lára àwọn tó gba àmì ẹ̀yẹ jù lọ l'Amẹ́ríkà nígbà ogun Hitler. Inú Greene ru, ó bú wọn dáadáa. Ẹ sọ fún mi, kí ni wọ́n gé níbẹ̀? Kò sóhun tí wọ́n gé. Ilé kan náà ni, àga kan náà ni, wọ́n kàn gbé ẹ̀ṣẹ̀ látọrùn ẹnì kan sí ọrùn ẹlòmíì. Phillip Noyce tún un ṣe, Michael Caine ló ṣe Fowler, wọ́n dá ẹ̀ṣẹ̀ padà fún ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n September 11 ọdún 2001 ṣẹlẹ̀, iléeṣẹ́ tó ni fíìmù náà bẹ̀rù, wọ́n gbé e pa mọ́ títí fi di 2002. Ọdún ò gba irú ọ̀tá bẹ́ẹ̀.

(Alága ti ń wo aago báyìí. Mo rí i yín, sà.)

Kíákíá. James Grady kọ Six Days of the Condor lọ́dún 1974, ọdún kejì fíìmù jáde, ó ti di Three Days of the Condor. Wọ́n gba ọjọ́ mẹ́ta lọ́wọ́ ọkùnrin náà, gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ mẹ́ta yẹn, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ nípa pé nínú ìwé, heroin ni àwọn olè inú CIA ń kó wọlé, nínú fíìmù ó ti di ọ̀rọ̀ epo rọ̀bì. Kí nìdí? Àwọn Lárúbáwá ti ti epo mọ́ Amẹ́ríkà lójú lọ́dún 1973, wọ́n tò lórí ìlà bí àwa náà ṣe ń tò. Àwọn tó wo fíìmù yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ìlà epo ni.

Jason Bourne, amí tó gbàgbé ẹni tóun jẹ́, ńkọ́? Nínú ìwé Robert Ludlum ti 1980, Carlos ni ọ̀tá, apanilẹ́kún-jayé tó wà lóòótọ́, gbogbo ìdí tí wọ́n fi dá Bourne sílẹ̀ ni kí wọ́n lè fi fa Carlos jáde. Ọdún 1994 ni wọ́n mú Carlos gidi ní Sudan, wọ́n gbé e lọ sí Faransé, ìgbà tí fíìmù fi máa jáde lọ́dún 2002 ẹ̀wọ̀n ló wà. Ta ló fẹ́ sá fún ẹni tó wà lẹ́wọ̀n? Doug Liman tó darí fíìmù náà, bàbá ẹ̀ ni lọ́yà àgbà fún ilé aṣòfin Amẹ́ríkà nígbà tí wọ́n ń tú àṣírí Iran-Contra, ìyẹn ohun ìjà tí Amẹ́ríkà tà fún Iran ní kọ̀rọ̀, nítorí náà ọmọ mọ ibi tí òkú wà. Ó sọ CIA fúnra ẹ̀ di ọ̀tá. Àwọn tó dá Bourne ló ń lé Bourne.

Wọ́n tún wá fi ẹnì kan síbẹ̀ tí kò sí nínú ìwé rárá: Wombosi, olórí ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n lé kúrò nílùú, tó ní òún máa tú àṣírí CIA. Ọmọ wa ló ṣe é, Adewale Akinnuoye-Agbaje, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí London. Òun gan-an ni gbogbo ìdààmú fíìmù yẹn ti bẹ̀rẹ̀: Bourne wọ inú ọkọ̀ ojú omi ẹ̀ lóru, ó na ìbọn sí i, ó wá rí i pé àwọn ọmọ ọkùnrin náà wà lára ẹ̀ níbẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ kọ̀, kò lè yìn ín. Ibẹ̀ ni wọ́n ti yìnbọn fún òun náà tó bọ́ sómi. Ẹni tó ní òún ò mọ̀ ọ́n, ẹ padà lọ wò ó, ó pariwo dáadáa.

John le Carré, òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì, mo fẹ́ lo ogún ìṣẹ́jú lórí ẹ̀, wọ́n ti fún mi ní méjì. Tinker Tailor Soldier Spy, 1974: ọ̀tá wà ní ọ́fíìsì, ẹ jọ ń mu tíì. Ìyẹn ò ṣeé pààrọ̀, nítorí náà ìlú ni wọ́n pààrọ̀, wọ́n gbé ìbọn tí wọ́n yìn ní Czechoslovakia lọ sí Budapest nínú fíìmù 2011. Wọ́n dẹ̀ fi àríyá Kérésì kún un tí kò sí nínú ìwé, níbi tí àwọn amí Gẹ̀ẹ́sì ti dìde kọ orin orílẹ̀-èdè Soviet, Bàbá Kérésì wọn gbé ojú Lenin wọ̀. Ẹ wò ó fúnra yín. Mo parí.

Ìgbà yẹn ni ọmọbìnrin kan ní apá òsì náwọ́, ó kí mi tán, ó ní, "Ẹ kúuṣẹ́ sà. Ṣùgbọ́n ẹ ti ń sọ̀rọ̀ bọ̀ látàárọ̀, obìnrin kan ṣoṣo lẹ dárúkọ, Rosa Klebb, òun náà dẹ̀ ni ìkà. Ọ̀tá ń yí lóòótọ́. Ìyàwó amí ńkọ́?"

Mo ní wọ́n ti ṣe dáadáa fún obìnrin. John Buchan kọ The Thirty-Nine Steps lọ́dún 1915, kò fi obìnrin gidi kan síbẹ̀, Hitchcock tó fi ṣe fíìmù ló so obìnrin mọ́ akọni náà pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́dún 1935. Ọ̀gá amí inú The Night Manager, ọkùnrin ni nínú ìwé le Carré, nígbà tí wọ́n ṣe é fún tẹlifíṣọ̀n lọ́dún 2016, wọ́n sọ ọ́ di obìnrin, olóyún pàápàá.

Ó ní, "Mo gbọ́ sà. Vesper nínú Casino Royale ńkọ́?"

Mo ní nínú ìwé Fleming ti 1953, Rọ́ṣíà ló ń lo Vesper, olólùfẹ́ Bond, torí ọ̀rẹ́kùnrin ẹ̀ àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ wọn, nínú fíìmù 2006 ó ti di àwọn tó ń báwọn apániláyà tọ́jú owó, ẹ rí i, ọ̀tá ti yí...

"Vesper ńkọ́ sà?"

Ó jẹ oògùn oorun nínú ìwé. Ó kú sómi ní Venice nínú fíìmù.

"Liz, ti The Spy Who Came in from the Cold?"

Ìwé le Carré náà nìyẹn. Wọ́n yí orúkọ ẹ̀ sí Nan nínú fíìmù 1965. Wọ́n yìnbọn fún un níbi ògiri Berlin. Nínú ìwé náà, níbi ògiri yẹn náà ni.

Ilé ti ń rẹ́rìn-ín báyìí. Ọ̀rẹ́ mi tó wà níwájú fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga. Mo ní ó dáa, Marie, olólùfẹ́ Bourne, Marie ò kú nínú àwọn ìwé Ludlum! Kí n tó pa ẹnu dé, ọkùnrin kan lẹ́yìn ti pariwo pé wọ́n yìnbọn fún un nínú apá kejì fíìmù náà, ti 2004, kí fíìmù tó rìn jìnnà pàápàá. Mo ní ìdí wà fún ìyẹn, ọdún 2004 nílò kí Bourne ní ẹ̀sùn lọ́wọ́ kó tó lè dojú kọ àwọn ọ̀gá ẹ̀, ọ̀tá inú ilé gba ẹ̀jẹ̀ inú ilé. Mi ò tíì kúrò lórí ọ̀rọ̀ ọ̀tá mi, kẹ́ ẹ mọ̀.

Ọmọbìnrin náà ò jókòó. Ó ní ṣé ẹyọ kan wà tó yè nínú ìwé, tí fíìmù náà dẹ̀ jẹ́ kó yè?

Ẹni tó wá sí mi lọ́kàn ni Vivienne Michel. Fleming kọ The Spy Who Loved Me lọ́dún 1962, obìnrin yìí ló ń fi ẹnu ara ẹ̀ sọ gbogbo ìtàn náà, ọ̀pọ̀ ojú ewé ti lọ kí Bond tó kan ilẹ̀kùn. Nígbà tó máa parí, ó gun Vespa ẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ. Fleming ní kí wọ́n má fi ìtàn yẹn ṣe fíìmù, orúkọ ìwé nìkan ni kí wọ́n mú, nígbà tí wọ́n máa ṣe é lọ́dún 1977 ìtàn mìíràn pátápátá ni wọ́n kọ, Vivienne ò sí níbẹ̀.

"Ẹni tó yè náà ni wọn ò fi ṣe é," ó ní, ó wá jókòó. Alága dẹ̀ gba máíìkì lọ́wọ́ mi.