Jíjí Agbára Ìgbèjà Tòmátì Kí Fáírọ́ọ̀sì Tó Dé

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin olùkọ́ wa tí ẹ péjọ sí Ìbàdàn níbí, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ mi dá lórí àwọn kẹ́míkà tí kì í pa fáírọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń mú kí tòmátì fúnra rẹ̀ dìde jà.

Ẹni tó bá ti dúró nínú oko tí àrùn ewé-kíká wọ̀ yóò mọ̀ ọ́n: ewé orí á kéré, etí rẹ̀ á pọ́n rúsúrúsú, á sì ká sókè, òdòdó á máa rẹ̀ dànù. Eṣinṣin funfun kékeré tó ń fa omi abẹ́ ewé mu ló ń gbé e kiri. Kò sí oògùn tí a lè fín sí igi tó ti kó o kí ara rẹ̀ yá. Bó bá mú igi ní kékeré, àgbẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ rí nǹkan ká.

Ìdí nìyí tí iṣẹ́ Frank Ross, onímọ̀ nípa àrùn irúgbìn, fi jọ mí lójú. Ní Amẹ́ríkà, ní 1961, ó fi fáírọ́ọ̀sì tó ń bá tábà jà kan ewé ìsàlẹ̀ igi tábà; nígbà tó wá fi kan ewé òkè lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ojú egbò tó yọ síbẹ̀ kéré, kò sì pọ̀, bẹ́ẹ̀ ewé òkè náà kò rí fáírọ́ọ̀sì kankan tẹ́lẹ̀. Ní 1979, R. F. White ní England fa ásípírìn sínú ewé tábà, ewé náà sì gba ààbò láìjẹ́ pé àrùn kankan kọ́kọ́ kọlù ú.

Ásíìdì salicylic, ìbátan ásípírìn, ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, igi ló sì ń ṣe é fúnra rẹ̀ nígbà tí àrùn bá dé. Bó bá ti pọ̀ tó, purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní NPR1 á wọ inú kókó sẹ́ẹ̀lì lọ, á sì jí àwọn jíìnì ìgbèjà, tí fáírọ́ọ̀sì kò fi ní lè bí sí i kíákíá tàbí kí ó tàn láti sẹ́ẹ̀lì kan bọ́ sí èkejì bó ṣe fẹ́. Acibenzolar-S-methyl ni àwọn onímọ̀ ṣe láti fara wé ásíìdì yìí, wọ́n sì ti lò ó lórí tòmátì láti dín àrùn fáírọ́ọ̀sì mìíràn tí wọ́n ń pè ní cucumber mosaic kù.

Ogun àsọtẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Kẹ́míkà yìí gbọ́dọ̀ kan ewé ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú fáírọ́ọ̀sì, nítorí náà orí ebè tí a ti ń tọ́jú irúgbìn kí a tó lọ́ ọ sóko ni iṣẹ́ rẹ̀ ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó dúró dìgbà tí ewé bá ká ti pẹ́ jù. Mo sì ń bẹ̀ yín, ẹ má ṣe lọ ásípírìn tí ẹ rà ní kẹ́mísì pò mọ́ omi kí ẹ dà á sóko: bí ìwọ̀n rẹ̀ bá pọ̀ jù, á jó ewé. Kódà níbi tí ìwọ̀n rẹ̀ bá pé, igi ń ná okun lórí ìgbèjà, ìdàgbà rẹ̀ sì lè lọ sílẹ̀. Bákan náà, kẹ́míkà yìí kì í lé eṣinṣin funfun. Àwọ̀n lórí ebè, irúgbìn tó lè fara da àrùn, àti fífa igi tó ti ń ṣàìsàn tu kò ṣeé fi sílẹ̀.

Ohun tí mo ń fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa gbájú mọ́ báyìí ni ìwọ̀n tó yẹ tòmátì ìbílẹ̀ wa, nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.