Déètì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò: bí a ṣe lè jiyàn kòrónà lórí ayélujára láìbú ara wa

Ẹ kú àsìkò yìí o. Àwòrán méjì ni mo gbé sójú fídíò yìí, ẹ fara balẹ̀ wò wọ́n. Nínú ti àkọ́kọ́, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ń sọ pé ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ ò tíì tó láti ní kí gbogbo aráàlú tára wọn le máa wọ ìbòmú kiri. Nínú èkejì, WHO yìí kan náà ló ń sọ pé kí ìjọba gba aráàlú níyànjú kí wọ́n máa wọ̀ ọ́ níbi tí àrùn bá ti ń ràn káàkiri tí èrò sì pọ̀ débi pé èèyàn ò lè jìnnà síra. Èwo ni ayédèrú níbẹ̀? Kò sí. Ti àkọ́kọ́ jáde lóṣù kẹrin ọdún 2020, èkejì jáde lọ́jọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún yẹn kan náà.

Èmi àti bọ̀dá mi jà lórí àwòrán méjì yìí nínú gúrúùpù ẹbí, ìjà yẹn ò sì kéré rárá. Ó fi tiẹ̀ ránṣẹ́, mo ní irọ́ ni, mo fi tèmi ránṣẹ́, ó ní wọ́n ti fi kọ̀ǹpútà tún un ṣe, mo wá sọ̀rọ̀ kan sí i tí kò yẹ kí àbúrò sọ sí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lójú gbogbo ẹbí, ó kúrò nínú gúrúùpù lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìjà ò dọlà, orúkọ níí sọni, orúkọ tí mo sì sọ bọ̀dá mi lọ́jọ́ náà, mi ò ní í pè é síbí. Déètì wà lókè àwòrán méjèèjì o, ó hàn gbangba, kò sẹ́ni tó wò ó.

Ìdí tí mo fi ń ṣe fídíò yìí nìyẹn. Tó bá jẹ́ òṣèlú lásán là ń jiyàn lé lórí, àwa méjèèjì ṣáà máa ń mọ nǹkan tá à ń jà sí. Ti kòrónà ò rí bẹ́ẹ̀, torí ìmọ̀ fúnra ẹ̀ ń yí lójú wa ni, nǹkan tí dókítà sọ lóṣù kẹta kọ́ ló ń sọ lóṣù kẹjọ, ẹni tó bá wá dúró sórí ti oṣù kẹta á máa pe ẹni tó dúró sórí ti oṣù kẹjọ ní òpùrọ́. Ẹnìkan ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹlòmíì ń sọ ohun tó yẹ kí ìjọba ti ṣe pẹ̀lú ìwọ̀nba tí wọ́n mọ̀ nígbà yẹn, ẹlòmíì tún ń sọ ohun tó dun òun jù, gbogbo wọn wá ń pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, kò sẹ́ni tó ń dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Lójú tèmi, ohùn pẹ̀lẹ́ nìkan kọ́ ni ọmọlúàbí nínú iyàn yìí, kéèyàn mọ ìbéèrè tí ẹnìkejì ẹ̀ ń dáhùn ni.

Ẹ jẹ́ ká mú nọ́ńbà kan. Lọ́jọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 2020, Tedros Adhanom Ghebreyesus tó jẹ́ ọ̀gá WHO sọ pé káàkiri ayé, nǹkan bí ìdá 3.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n ti kà mọ́ àwọn tó ní àrùn náà ló ti kú. Nígbà tó yá tí ìwádìí fi hàn pé nínú gbogbo àwọn tí àrùn wọ̀ lára, ìdá tó ń kú kéré sí ìyẹn, àwọn kan figbe ta pé ẹ ò rí i, wọ́n purọ́ fún wa. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Ká ní àrùn wọ ọgọ́rùn-ún èèyàn lára, ogún péré ló ṣe àyẹ̀wò, ẹnìkan ṣoṣo ló kú. Tẹ́ ẹ bá fi ẹni tó kú wé ogún tí wọ́n kà, ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn, tẹ́ ẹ bá fi wé gbogbo wọn, ìdá 1 ni. Òkú kan náà ni o! Ẹni tó gbé 5 wá ò purọ́, ẹni tó gbé 1 wá ò purọ́, ohun tẹ́ ẹ máa bi í ni pé "nínú àwọn wo?" (Ìyẹn ò sì wá sọ àrùn ọ̀hún di eré o, ìdá 1 nínú ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn, òkú rẹpẹtẹ ni.)

Èyí tó máa ń dìjà jù ni ọ̀rọ̀ Swídìn. Ẹnìkan á kọ ọ́ pé "Swídìn ò ṣe kónílé-ó-gbélé, kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n." Ẹlòmíì á fò mọ́ ọn pé "Irọ́ ńlá! Ṣé o ò rí òkú tí wọ́n sin ni?" Tó bá ti débẹ̀, ó ti tán, èébú ló kù. Lóòótọ́ ni pé Swídìn ò ti aráàlú mọ́lé nígbà tí àrùn yẹn kọ́kọ́ dé lọ́dún 2020, àwọn ọmọ kéékèèké sì ń lọ sílé ìwé. Àmọ́ wọn ò fọwọ́ lẹ́rán, láti òpin oṣù kẹta ni wọ́n ti ní kí èèyàn tó ju 50 má pé jọ síbì kan, àwọn ọmọ yunifásítì sì ń kẹ́kọ̀ọ́ láti ilé. Tẹ́ ẹ bá wá wo ọdún 2020 nìkan, tẹ́ ẹ fi wọ́n wé Nọ́wè, Fínlándì àti Dẹ́nmáàkì tí wọ́n jọ múlé tira, òkú tiwọn pọ̀ ju ti àwọn yẹn lọ fíìfíì. Tẹ́ ẹ bá sì ka 2020 dé 2022 pọ̀, tẹ́ ẹ wo iye èèyàn tó fi kú ju bó ṣe máa ń rí tẹ́lẹ̀ lọ, Swídìn wà lára àwọn tó kéré jù ní Yúróòpù. Ẹni àkọ́kọ́ ní ẹ̀rí lọ́wọ́, ẹnìkejì náà ní. Kódà bẹ́ẹ̀ náà ni ìgbìmọ̀ tí ìjọba Swídìn gbé kalẹ̀ ṣe pín in: lóṣù kejìlá ọdún 2020 wọ́n ní Swídìn ò dáàbò bo àwọn arúgbó tó, lóṣù kejì ọdún 2022 wọ́n ní àìti aráàlú mọ́lé yẹn tọ̀nà, àmọ́ ó yẹ kí ìjọba ti gbé ìgbésẹ̀ tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀rẹ̀.

Bí mo ṣe máa dá ẹni tó ní kò sí nǹkan tó ṣe Swídìn lóhùn rèé, mo ti kọ ọ́ sójú fídíò: "Ẹ̀gbọ́n, ohun tẹ́ ẹ̀ ń sọ ni pé wọn ò ti aráàlú mọ́lé, ìlú wọn ò sì parun, òótọ́ ni. Ṣé Nọ́wè lẹ fi wọ́n wé ni àbí Ítálì? Ṣé 2020 nìkan lẹ kà àbí ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?" Mo kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ ẹ̀ padà fún un lọ́nà tó máa fi ní "ẹn-ẹ́n, ohun tí mo sọ nìyẹn," lẹ́yìn náà ni mo bi í. Mi ò bẹ̀ ẹ́, mi ò sì kí i kíkí ẹ̀tàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kọ "ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n" kẹ́ ẹ tó bú èèyàn, a mọ̀ yín.

Ibi tí òṣèlú ti ń ba nǹkan jẹ́ ni pé a kì í wo ọ̀rọ̀ mọ́, ẹni tó sọ ọ́ là ń wò. Ẹ rántí oògùn ibà tó ń jẹ́ hydroxychloroquine. Ààrẹ Trump ti Amẹ́ríkà yìn ín lóṣù kẹta ọdún 2020 pé ó lè wo kòrónà, látìgbà yẹn lọ tẹ́ ẹ bá ti dárúkọ oògùn yẹn, wọ́n á ní àwọn ti mọ ẹgbẹ́ òṣèlú tẹ́ ẹ̀ ń ṣe. Nígbà tó di ọjọ́ 22 oṣù karùn-ún, ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé ìwádìí kan jáde tó ní ikú ń pọ̀ sí i lára àwọn tó ń lò ó, àwọn tí ò gba ti Trump gbé e kiri bí àsíá. Ọjọ́ 4 oṣù kẹfà ni wọ́n fa ìwádìí náà yọ, torí kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà lórí àkọsílẹ̀ tí wọ́n gbé e lé, ni àwọn ti Trump náà bá ń jó. Lọ́jọ́ kejì gan-an, àwọn tó ń ṣe ìdánwò ńlá kan tí wọ́n ń pè ní RECOVERY nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé oògùn ọ̀hún ò ṣe àwọn aláìsàn tó wà nílé ìwòsàn láǹfààní kankan. Ṣé ẹ rí i? Ẹni tó ní oògùn ò ṣiṣẹ́ jàre, ẹ̀rí tó gbé dání ló jẹrà. Ẹni tó ní ẹ̀rí yẹn jẹrà náà jàre, oògùn ẹ̀ ni ò ṣiṣẹ́. Ká ní ẹnìkan nínú wọn lè ní "ibi báyìí lẹ ti borí mi, ibi báyìí ni mi ò tíì gbà," iyàn yẹn ì bá ti tán tipẹ́.

Kónílé-ó-gbélé wá yàtọ̀, nọ́ńbà ò lè parí ẹ̀. Ẹni tí ìyá ẹ̀ ti lé lọ́gọ́rin ọdún tí àìsàn ọkàn ń bá fínra, àti ẹni tó ní ọmọ ọdún méje tí ò rójú ilé ìwé fún oṣù mẹ́fà tí iṣẹ́ òun fúnra ẹ̀ sì ti dúró, àwọn méjèèjì lè gba nọ́ńbà kan náà gbọ́ kí wọ́n má sì gbà fúnra wọn. Kò sí òpè níbẹ̀. A kì í kàn án sọ bẹ́ẹ̀ ni, ńṣe la máa ń wá ìwádìí kiri láti fi bo ohun tó ń dùn wá mọ́lẹ̀. Mo ti rí iyàn tó gbóná fún bíi wákàtí mẹ́ta tó rọlẹ̀ pẹ̀sẹ̀ nígbà tí ẹnìkan kọ ọ́ pé "ẹ̀rù ìyá mi ló ń bà mí," ẹni tó ti ń bú u látàárọ̀ ló wá ń bi í pé "màmá ńkọ́ báyìí?"

Mi ò ní kẹ́ ẹ máa gba gbogbo nǹkan gbọ́ o. Ẹni tó bá ní 5G, ìyẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù, ló fa kòrónà, ẹ sọ fún un láì fepo bọyọ̀ pé kòkòrò àrùn kì í gun ìgbì rédíò, àti pé kòrónà dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tí ò tíì ní 5G rárá nígbà yẹn. Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó pọ̀ jù lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ gba ibòmíì lọ, àwọn tó ń kà á tí wọn ò sọ̀rọ̀ lẹ̀ ń kọ ọ́ fún. Tó bá sì jẹ́ ẹbí ni, ẹ kúrò lójú ọjà, ẹ pè é lórí fóònù, ọ̀rọ̀ tá a tẹ̀ ò ní ohùn, àwàdà yín lè di èébú kó tó dọ́dọ̀ ẹ̀.

Bọ̀dá mi ńkọ́? Ó lé lóṣù kan tá ò fi bára wa sọ̀rọ̀. Ọjọ́ kan ni mò ń pa àwòrán tó ti pọ̀ jù lórí fóònù mi rẹ́, mo bá kan méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìgbà yẹn lojú mi tó rí déètì. Mo kọ̀wé sí i níkọ̀kọ̀: "Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ayédèrú kọ́ ni tiyín. Oṣù kẹrin ni, tèmi ni oṣù kẹfà." Ó kà á, kò fèsì títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tó yá ó ní, "Kí ló dé tí wọ́n fi dúró di oṣù kẹfà?" Mo ní ẹ̀rí ò tíì tó ni, ó ní ṣé dìgbà tí ẹ̀rí bá pé kéèyàn tó ṣọ́ra ni, mo ní wọ́n ń bẹ̀rù kí ìbòmú má wọ́n àwọn nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n kúkú sọ bẹ́ẹ̀ fún wa nígbà yẹn. A ṣì wà lẹ́nu ẹ̀ dòní, ó sì ti padà sínú gúrúùpù.