Ta Ló Ń San Owó Orí Tẹ́tẹ́ Eré Ìdárayá ní Amẹ́ríkà?

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin olùwòran wa. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ là yé ara wa lónìí ni tẹ́tẹ́ eré ìdárayá ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà: ṣé ó yẹ kí ìjọba ìpínlẹ̀ fi òfin gbà á láyè kí ó sì máa gba owó orí lórí rẹ̀, àbí kí ó fòfin dè é? Ní tèmi, kí wọ́n gbà á láyè. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn olóṣèlú ń tìtorí rẹ̀ gbà á láyè gan-an ni kò tẹ́ mi lọ́rùn, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ bí a bá ti wo ibi tí owó náà ti ń wá.

Ní ọdún 1992, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin kan tí kò jẹ́ kí ìpínlẹ̀ kankan fọwọ́ sí tẹ́tẹ́ eré ìdárayá, àyàfi àwọn díẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀, pàápàá Nevada, níbi tí ìlú Las Vegas wà. New Jersey kò gbà. Àwọn olùdìbò ibẹ̀ fọwọ́ sí i ní ọdún 2011, àwọn àjọ eré ìdárayá ńláńlá pe ìpínlẹ̀ náà lẹ́jọ́, ẹjọ́ náà sì lọ títí ó fi dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún ọdún 2018, ilé ẹjọ́ náà fagi lé òfin 1992, ó ní ìjọba àpapọ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti máa pàṣẹ òfin tí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ yóò ṣe tàbí èyí tí kò gbọdọ̀ ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé yóò rántí pé ìdájọ́ kan tí ó fara pẹ́ èyí wáyé ní Àbújá ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkó jàre ìjọba àpapọ̀ lórí ọ̀rọ̀ lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́.

Láti ìgbà ìdájọ́ ọdún 2018 yẹn, ìpínlẹ̀ tí ó ju 35 lọ ní Amẹ́ríkà ni ó ti ṣílẹ̀kùn. Texas àti California kò tíì ṣe é, Utah kò sì fẹ́ rí tẹ́tẹ́ irú èyíkéyìí sójú.

Ó wá ku owó orí. Nevada ń gba ìdá 6.75 nínú ọgọ́rùn-ún, New York ń gba ìdá 51. Ìdá 51 nínú kí ni? Kì í ṣe nínú gbogbo owó tí àwọn ènìyàn fi ta tẹ́tẹ́, kì í sì í ṣe nínú owó ẹni tí ó jẹ. Inú ohun tí ó ṣẹ́ kù sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ lẹ́yìn tí ó ti sanwó fún àwọn tí ó jẹ ni. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ẹgbẹ́ méjì fẹ́ pàdé, ilé iṣẹ́ náà sì ti fi àmì ayò díẹ̀ kún ti èyí tí kò lágbára tó èkejì, kí wọ́n lè dọ́gba. Ẹnì kan fi $110 ti ẹgbẹ́ kan lẹ́yìn kí ó lè jẹ $100, ẹlòmíràn fi $110 ti ẹgbẹ́ kejì lẹ́yìn bákan náà. $220 ti wọlé. Nígbà tí eré parí, ẹni tí ó jẹ gba $110 rẹ̀ padà pẹ̀lú $100 lórí rẹ̀, ó ku $10. New York mú $5.10 nínú rẹ̀. Nevada mú ohun tí kò tó sẹ́ǹtì 70. Àpò ẹni tí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ já ni gbogbo rẹ̀ ti jáde. Bí ènìyàn bá sì to eré púpọ̀ jọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì kan, tí ó fi jẹ́ pé bí ọ̀kan bá kọ̀, gbogbo rẹ̀ ti já, ohun tí ilé iṣẹ́ ń jẹ níbẹ̀ pọ̀ ju èyí lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń polówó irú tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án lóru.

Nítorí náà, ìjọba kì í ṣe adájọ́ eré nínú ọ̀rọ̀ yìí, alájọpín ni. Ní ọdún 2024, owó tí New York rí lórí tẹ́tẹ́ orí fóònù lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là, ètò ẹ̀kọ́ ni wọ́n sì ń ná èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sí. Ẹ gbọ́ ná: aṣòfin wo ni yóò dìde pé kí àwọn ènìyàn dín tẹ́tẹ́ kù, nígbà tí ó mọ̀ pé owó ilé ẹ̀kọ́ ni yóò kọ́kọ́ fara gbá a?

Síbẹ̀, fífòfin dè é kò ní kí àwọn ènìyàn má ta á. California ni ògbufọ̀ Shohei Ohtani, ìlú-mọ̀ọ́ká agbábésíbọ́ọ̀lù, ti ń ta tẹ́tẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tí kò níwèé àṣẹ, títí tí ó fi jí nǹkan bíi mílíọ̀nù 17 dọ́là nínú àkáǹtì ọ̀gá rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n oṣù 57 ni wọ́n dá fún un ní ọdún 2025. Ẹ wá wo ti Jontay Porter, agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ nínú NBA, líìgì ńlá ti Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, ó ṣeré fún ìṣẹ́jú mẹ́ta péré, ó ní ara òun kò yá, ó jáde. Ẹnì kan ti fi $80,000 ta tẹ́tẹ́ pé Porter kò ní ṣe dáadáa lọ́jọ́ náà, kí ó lè jẹ mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ márùn-ún dọ́là. Ilé iṣẹ́ tí ó níwèé àṣẹ ni ó fura, kò san owó náà, NBA sì lé Porter kúrò títí láé. Ta ni ìbá fura lọ́dọ̀ agbatẹ́tẹ́ abẹ́lẹ̀?

Orí fóònù gan-an ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Àwọn olùwádìí ní UCLA àti USC, yunifásítì méjì ní California, rí i pé níbi tí wọ́n ti gba tẹ́tẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì láyè, àwọn tí ń lọ sí ilé ẹjọ́ láti kéde pé àwọn kò lè san gbèsè mọ́ ń pọ̀ sí i. Massachusetts ti kọ̀ kí ẹnikẹ́ni fi káàdì àwìn ta tẹ́tẹ́, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Illinois ní tirẹ̀ ń wá owó kún owó: láti oṣù Keje ọdún 2025, ó ń gba sẹ́ǹtì 25 lórí tíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan fún mílíọ̀nù 20 àkọ́kọ́ tí ilé iṣẹ́ kan bá tà lọ́dún, lẹ́yìn náà sẹ́ǹtì 50. FanDuel àti DraftKings, ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ ńlá méjì, kò bá a jà pẹ́. Wọ́n bu sẹ́ǹtì 50 lé tíkẹ́ẹ̀tì oníbàárà. Ẹni tí ó ń fi dọ́là kan péré ṣeré ní Chicago mọ ẹni tí ń san owó orí.

Ẹ̀yin ará wa ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, lè máa rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Láti oṣù Kìíní ọdún 2025 ni ilé iṣẹ́ Kalshi ti ń ta ohun tí ó pè ní àdéhùn lórí ẹni tí yóò borí nínú eré, lábẹ́ ìwé àṣẹ àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń bójú tó ọjà irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ títí kan Texas, láìsan owó orí tẹ́tẹ́ fún ìpínlẹ̀ kankan. Ọmọ ọdún 18 lè wọlé síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọdún 21 ni ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ fi lélẹ̀ fún tẹ́tẹ́. Ní oṣù Kẹta ọdún náà, Nevada àti New Jersey kọ̀wé sí i pé kí ó dáwọ́ dúró. Kalshi sì pe àwọn méjèèjì lẹ́jọ́.