Ní Dublin, Ọgbà Ẹ̀wọ̀n Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Yà Sí

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe fún àwọn tó ń múra àtilọ ṣe afẹ́ ní Ireland nìyí. Mo ti yọ ibi tí mo ti ń húkọ́ kúrò. Ẹ̀fẹ̀ ibẹ̀ ni mi ò yọ.

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ka ètò ìrìn-àjò tí wọ́n pín fún wa lẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ kìíní, ilé ọtí Guinness. Ọjọ́ kejì, ọjà. Ẹni tó kọ ọ́ wà níhìn-ín, ó ń rẹ́rìn-ín, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbà mí o! Ọtí tí wọ́n ti ń pọn ní Ìkẹjà láti 1962, ṣé torí ẹ̀ la fẹ́ sọdá òkun? Arthur Guinness háyà ilẹ̀ yẹn ní 1759 fún 9,000 ọdún, pọ́n-ùn 45 lọ́dún. Ilé náà ò sá lọ síbì kan, ẹ jẹ́ kó dúró dè wá.

Kilmainham ni kí ẹ kọ́kọ́ yà. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni, wọ́n ṣí i ní 1796, wọ́n tì í pa ní 1924. Gbogbo wa la ti gbọ́ ìtàn ọ̀tẹ̀ Àjíǹde 1916, tí àwọn ará Ireland kan dìde sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, mi ò ní kà á láti ìbẹ̀rẹ̀: Patrick Pearse, olórí kan nínú wọn, dúró níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́, ó kéde òmìnira, kò sì tó ọ̀sẹ̀ kan tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi fi àgbá fọ́ àárín ìlú túútúú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni mò ń lọ. Ọ̀pọ̀ ará Dublin ló bínú sí àwọn ọlọ̀tẹ̀ náà nígbà yẹn. Ilé jó, ṣọ́ọ̀bù jó, wọ́n tiẹ̀ ń ṣépè lé wọn lórí. Ká ní wọ́n fi wọ́n sẹ́wọ̀n lásán ni, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá ti tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 3 sí ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń mú wọn jáde láàárọ̀ sí àgbàlá tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ti máa ń fọ́ òkúta, tí wọ́n ń yìnbọn pa wọ́n. Èèyàn 14 ni wọ́n pa níbẹ̀. Joseph Plunkett, ọ̀kan nínú àwọn olórí ọ̀tẹ̀ náà, gbéyàwó nínú ṣọ́ọ̀ṣì ọgbà náà lóru, nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n pa á. Bí ọkàn ìlú ṣe yí padà nìyẹn.

Ẹ bá mi wọ àgbàlá yẹn ná. Ògiri òkúta gíga ló yí i ká, kò sóhun tó ń ta yọ lókè àfi ojú ọ̀run. Àgbélébùú kan wà ní ìpẹ̀kun kan, níbi tí wọ́n ti pa àwọn 13. Òmíràn dá wà ní apá kejì, lẹ́bàá ẹnu géètì. Ti James Connolly nìyẹn, olórí ọ̀tẹ̀ mìíràn. Ọta ìbọn ti bà á lẹ́sẹ̀, kò lè dúró, ọkọ̀ aláìsàn ló gbé e dé géètì, wọ́n wá so ó mọ́ àga kí wọ́n tó yìnbọn fún un. Ẹ fi ẹsẹ̀ yín rìn láti àgbélébùú kan dé èkejì. Kò jìnnà.

Síbẹ̀, ìbọn kọ́ lọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí òmìnira dé, wọ́n pa ọgbà náà tì, òrùlé jábọ́, igi hù nínú ẹ̀. Ní 1960, àwọn aráàlú lásán kóra jọ, wọ́n fara wọn jìn, wọ́n ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ni wọ́n tún un ṣe. Ní 1966, Ààrẹ Éamon de Valera ló wá ṣí i fún aráyé. Ta ni ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́wọ̀n tó kẹ́yìn níbẹ̀ kí wọ́n tó tì í pa? Òun náà ni!

Ẹ má pàtẹ́wọ́ tán o. Ta ló tì í mọ́lé nígbà yẹn? Ìjọba Irish fúnra rẹ̀ ni, torí ogun abẹ́lé tí àwọn ará Ireland bá ara wọn jà lẹ́yìn òmìnira. Àwọn tó tún ọgbà ṣe sì ti fẹnu kò tẹ́lẹ̀ pé àwọn ò ní mẹ́nu ba ogun yẹn kí ìjà má bàa ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn. Àwọn náà ń ṣa ìtàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣà á ṣì ní i lọ́wọ́. Àwa ńkọ́? Ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street ní Èkó di Freedom Park ní 2010, mo kí wọn. Ilojo Bar tí àwọn Àgùdà kọ́ sí Tinubu Square ńkọ́, tí ìjọba ti kà sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láti 1956? Ní 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Àwọn tó máa ń sọ pé "ilé ògbólógbòó, kí ló wà níbẹ̀?" wà nínú gbọ̀ngán yìí. Mo rí yín o.

Alága ti ń na aago sókè. Ó dáa, kíákíá. Létí odò Liffey, ẹ wo àwọn ère ìyàn tí wọ́n gbé síbẹ̀ ní 1997: wọ́n gbẹ bí igi, ọ̀kan nínú wọn gbé èèyàn kọ́ ọrùn, ajá ń tẹ̀ lé wọn. Láti 1845 sí 1852, pòtétò jẹrà lóko, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan èèyàn kú, ó lé ní mílíọ̀nù kan tó ṣí lọ, oúnjẹ sì ń ti èbúté lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Newgrange: ibojì tó ju 5,000 ọdún lọ, ó ṣáájú píírámíìdì Giza. Ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, oòrùn àárọ̀ á gba ihò kan lókè ẹnu ọ̀nà wọlé dé ìyàrá inú lọ́hùn-ún, ìṣẹ́jú 17 péré. Kèké ni wọ́n ń ṣẹ́ láti yan ẹni tó máa wọ inú ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Òkè etí òkun Moher: mítà 214 níbi tó ga jù. Ẹ má torí fọ́tò sún mọ́ etí ẹ̀.

Màmá kan lẹ́yìn ò dúró kí alága pè wọ́n. "Ọmọ mi, o káre. Òkúta lo ti ń sọ látàárọ̀. Èèyàn ńkọ́? Tí wọ́n bá kú, báwo ni wọ́n ṣe ń sìnkú?"

Màmá, ẹ ti gba àṣekágbá mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ n dá yín lóhùn. Ní ìgbèríko ibẹ̀, rédíò àdúgbò ló ń ka orúkọ àwọn tó kú lójoojúmọ́, àwọn àgbàlagbà á sì pa gbogbo ilé lẹ́nu mọ́ títí wọ́n á fi kà á tán. Wọ́n tún ń gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, sí RIP.ie. Kò sí ìwé ìpè: ẹni tó bá ti gbọ́, ó ti di dandan. Òkú á wà nínú pálọ̀, àwọn aládùúgbò á tò wọlé, wọ́n á bọ ẹbí lọ́wọ́ níkọ̀ọ̀kan, wọ́n á ní "ẹ kú ìrọ́jú", wọ́n á kọjá sí kíṣìnnì. Láwọn ibòmíràn, aládùúgbò ló ṣì ń gbẹ́ sàréè. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ Kilmainham náà ni mo ṣì ń sọ: àwọn tí kò gba kọ́bọ̀ ló ń ṣe é.

"Ọjọ́ mélòó kí wọ́n tó sin ín?"

Ọjọ́ méjì, mẹ́ta, Màmá.

"Ọjọ́ mẹ́ta? Aṣọ ẹbí ńkọ́?"

Kò sí. Dúdú ni kálukú ń wọ̀.

"Màlúù ńkọ́?"

Tíì ni, Màmá. Tíì, àti búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹran há láàárín.

Ẹ̀rín tó sọ níbẹ̀ kò jẹ́ n gbọ́ èsì wọn. Alága ti gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ mi.