Ẹ bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà: bí wọ́n ṣe ń woni sàn nílé àdúrà aláṣọ funfun l'Ékòó

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Pópó Àgùdà, l'Ékòó, oṣù kẹfà ọdún 1925. Àwọn Àgùdà ń ṣe ọdún Corpus Christi, wọ́n ń wọ́ lọ láàárín àdúgbò. Christianah Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n wà nínú èrò ìwòran. Ọjọ́ Kérésìmesì 1907 ni wọ́n bí i, ẹ ò rí i pé Abíọ́dún yẹ ẹ́. Ó ní òun rí áńgẹ́lì, áńgẹ́lì náà sì tẹ̀ lé òun délé. Ló bá lọ sójú ìran. Wọ́n pè é títí, kò dáhùn.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Mósè Orímóládé, oníwàásù ará Ìkàrẹ́ tó wọ Èkó ní 1924. Ó gbàdúrà, ọmọ jí. Bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ òun alára kò gbé e dáadáa láti kékeré. Ẹ foríjì mí, mo fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn ju ibi áńgẹ́lì lọ.

Èrò wá ń ya lọ sílé náà: aláìsàn, ẹni tó ń wọ́mọ, ẹni tí ọjà rẹ̀ kò tà. Wọ́n jọ ń gbàdúrà. Àwọn ló di Ẹgbẹ́ Séráfù, tó padà di Kérúbù àti Séráfù. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ọmọ tí kò dáhùn ni ìjọ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Tó bá di alẹ́ Ọjọ́rú, ẹ yà sílé àdúrà kan ní Múṣin tàbí Ṣómólú. Ẹ bọ́ bàtà. Aláìsàn wà lórí ìkúnlẹ̀, omi nínú ike, àbẹ́là ń jó. Wòlíì ni gbogbo èèyàn ń wò. Ẹ̀yin, ẹ wo ìyá tó jókòó sẹ́yìn, tó fi ọ̀já di sùtánà rẹ̀. Ìyá Àdúrà nìyẹn. Ó ń ka Sáàmù sínú omi, kò wo Bíbélì. Tó bá kà á tán, á rọra béèrè pé: "O ti jẹun? Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ nílé? Òru àná ńkọ́, o rí oorun sùn?" Ẹni tó ti ń sọ fún gbogbo ayé pé dáadáa lòun wà, ibẹ̀ ló máa ń bú sẹ́kún.

Wọ́n lè ní kó wá sun ilé àánú, ibi tí aláìsàn ń gbé ní ṣọ́ọ̀ṣì, fún ọjọ́ méje. Tí wọ́n bá fún un ní ààwẹ̀, ẹlòmíì á bá a gbà á. Tí kò bá wá ìsìn, wọ́n á wá a délé. L'Ékòó, níbi téèyàn ti lè ṣàìsàn ọjọ́ mẹ́ta nínú yàrá kí ará ilé tó mọ̀, èyí nìkan tó oògùn. Jákọ́bù 5:14 pàápàá, "àwọn àgbà ìjọ" ló ní ká pè, kò ní ká pe àgbà kan.

Ibi tí mo ti ń bá wọn jà ni ọ̀rọ̀ oògùn. Lásìkò àjàkálẹ̀ àrùn influenza ti 1918, oògùn kò ràn án, ìjọba ti ṣọ́ọ̀ṣì pa, làwọn àládùúrà kan bá kọ oògùn pátápátá. Ó yé mi. Ṣùgbọ́n 1918 ti lọ. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti wà ní Yábàá láti 1907, ọdún tí wọ́n bí Abíọ́dún gan-an. Ẹni tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́, ẹ mú un dé Yábàá láàárọ̀, kẹ́ ẹ mú un wá sí ìṣọ́ òru lálẹ́.

Wòlíì tó bá ní kẹ́ ẹ da oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nù, tó ń ka owó kó tó ka Sáàmù, tàbí tó so aláìsàn mọ́ ẹ̀wọ̀n, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ mú bàtà yín lẹ́nu ọ̀nà.