Owó Ta Ló Gbé Báǹkì Yìí Ró? Ìtàn Wema láti 1945

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin olùwòran wa.

Ní ọjọ́ kejì oṣù Karùn-ún ọdún 1945, ọjọ́ tí ìlú Berlin bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà, wọ́n forúkọ báǹkì tuntun kan sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Agbọ́nmágbẹ Bank lorúkọ rẹ̀. Olóyè Mathew Adekoya Okupe, ọmọ Ìpẹru ní Rẹ́mọ, ló dá a sílẹ̀. Báǹkì náà wà títí dòní, Wema là ń pè é báyìí. Bí ẹ bá mọ iye báǹkì ọmọ Nàìjíríà tó kógbá sílé láyé ìjọba òyìnbó, ẹ ó gbà pé iṣẹ́ ńlá ni báǹkì yìí ṣe tó fi ṣì wà láàyè. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ ká máa bi ara wa bí a bá ṣe ń bá ìtàn yìí lọ: owó ta ló ń gbé e ró? Ìdáhùn rẹ̀ ti yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ọ̀rọ̀ báǹkì ṣe rí nígbà náà. Bank of British West Africa, tó di First Bank lónìí, ti dé Èkó láti 1894. Barclays, tó wá di Union Bank, náà ti fìdí múlẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó bí UAC ni wọ́n ń bá dòwò pọ̀. Ọmọ Nàìjíríà lè kówó tirẹ̀ lọ pamọ́ síbẹ̀, wọn ò ní lé e. Ìgbà tó bá fẹ́ yáwó ni wàhálà ń dé. Wọ́n á ní kó mú ohun ìdúró wá. Bó bá ní òun nílẹ̀, ilẹ̀ ẹbí ni, kò níwèé, ẹnì kan ò sì lè dá a tà láìjẹ́ pé gbogbo ẹbí fọwọ́ sí i. Bó bá ní òun ní oko kòkó, ta ni nínú àwọn òyìnbó ọ̀hún ló máa wá gba oko kòkó ní Ìjẹ̀bú-Igbó bí onígbèsè ò bá rówó san? Bẹ́ẹ̀ bí kòkó bá ti ń gbó, owó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ lẹni tó ń rà á nílò. Àgbẹ̀ kì í gba ìwé, owó ló fẹ́ rí. Bí o ò bá lówó lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé kòkó sórí òṣùwọ̀n, ẹlòmíì á rà á lọ.

Òhun ló mú kí àwọn ọmọ Nàìjíríà máa dá báǹkì tiwọn sílẹ̀. Industrial and Commercial Bank bẹ̀rẹ̀ ní 1929, ó wó ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Nigerian Mercantile Bank bẹ̀rẹ̀ ní 1931, ó kú ní 1936. Èyí tó kọ́kọ́ dúró ni National Bank of Nigeria, tí Dókítà Akinola Maja, T. A. Doherty, H. A. Subair àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dá sílẹ̀ ní 1933. Ẹ fi orúkọ National Bank yìí sọ́kàn, a ó tún bá a pàdé.

Lẹ́yìn ogun, báǹkì wá pọ̀ bí eèsún. Kò sí òfin kankan tó sọ iye tí èèyàn gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́ kó tó ṣí báǹkì. Ẹni tó bá rí ilé háyà lójú títì, tó ra káńtà àti séèfù, tó kọ orúkọ sára ògiri, báǹkì dé nìyẹn. Ní 1948, ìjọba amúnisìn ní kí òyìnbó kan tó ń jẹ́ G. D. Paton wá yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ìwádìí tirẹ̀ ló bí òfin báǹkì ti 1952. Òfin yẹn ní báǹkì ọmọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní owó ìpìlẹ̀ £12,500 ó kéré tán, ti òyìnbó sì gbọ́dọ̀ ní £100,000. Wọ́n fún àwọn tó ti wà nílẹ̀ ní ọdún mẹ́ta láti kún ojú rẹ̀.

Àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn ò lè kún un. Nínú báǹkì 25 tí àwọn ọmọ Nàìjíríà dá sílẹ̀ títí di 1954, 21 ló ti wó.

Báwo ni báǹkì ṣe ń wó gan-an? Ẹ jẹ́ ká fojú inú wò ó. Ká ní àwọn ìyálọ́jà àti oníṣẹ́ ọwọ́ ti kó £1,000 pamọ́ sí báǹkì kan. Báǹkì fi £100 sínú séèfù, ó yá £900 tó kù jáde. Ta ló yá a fún? Ọ̀pọ̀ ìgbà, àwọn olùdarí báǹkì fúnra wọn ni, tàbí ọ̀rẹ́ wọn, wọ́n sì fi kọ́lé. Ilé ò ṣeé gé tà ní ẹyọ bíríkì. Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹnì kan sọ lọ́jà pé òun dé báǹkì lánàá, wọ́n ní kí òun padà wá lọ́la. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo èèyàn ti mú ìwé ìfowópamọ́ wọn dání, wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni bíi mélòó kan tó kọ́kọ́ débẹ̀ gbowó, £100 tán, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Kò sí Báǹkì Àpapọ̀ tí wọ́n lè sá tọ̀ fún ìrànwọ́ lọ́jọ́ yẹn. CBN ò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí di ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1959. Ìyálọ́jà tí owó rẹ̀ há sínú ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́, àdánù rẹ̀ nìyẹn.

Agbọ́nmágbẹ wà lára ìwọ̀nba tó yè é. National Bank yè é, African Continental Bank ti Nnamdi Azikiwe náà yè é. Àmọ́ kí báǹkì má kú yàtọ̀ sí kó ní agbára. Báǹkì tó jẹ́ owó ẹnì kan àti ojúlùmọ̀ rẹ̀ ló gbé e ró, ibi tó lè dé ní òdiwọ̀n.

Ibí ni kòkó ti wọ̀ ọ́.

Ní 1947, ìjọba dá Máákẹ́tìn Bọ́ọ̀dù sílẹ̀ fún kòkó. Nígbà tó di 1954, ẹkùn kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀. Bọ́ọ̀dù yìí nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti ta kòkó sókè òkun. Òun ló ń dá iye tí àgbẹ̀ máa gbà, ó sì sábà máa ń kéré sí iye tí wọ́n ń rà á lágbàáyé. Wọ́n ní àwọn ń tọ́jú ìyókù de ọjọ́ tí ọjà bá dẹ́nu kọlẹ̀, káwọn lè fi ran àgbẹ̀ lọ́wọ́. Ìyókù yẹn wá di òkìtì owó. Àwọn olóṣèlú Ìwọ̀ Oòrùn wò ó, wọ́n ní ẹ jẹ́ ká fi tún ìlú ṣe. Òun ló wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ohun tí a fi ń yangàn títí dòní, Cocoa House tó wà ní Dùgbẹ̀, n'Íbàdàn, wà lára wọn. Òun náà ló wọ inú báǹkì. Wọ́n kọ́kọ́ tì í bọ National Bank, ọ̀rọ̀ náà sì wà lára ohun tí ìgbìmọ̀ Coker tú sí gbangba ní 1962, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n yẹ owó Ìwọ̀ Oòrùn wò.

Ní àwọn ọdún 1960 kan náà ni Máákẹ́tìn Bọ́ọ̀dù gba Agbọ́nmágbẹ. Ní 1969, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Wema, wọ́n fa orúkọ náà yọ látinú orúkọ bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, Western Nigeria Marketing Board. Èmi ò rò pé ó yẹ ká fi ayọ̀ nìkan ka abala yìí. Àgbẹ̀ tó wà lóko lẹ́bàá Oǹdó tàbí Ìwó ló ni owó tó wá di owó ìpìlẹ̀ báǹkì, kò sì sẹ́ni tó fún un ní ìwé ìpín kankan. Síbẹ̀, láìsí owó yẹn, ẹ̀rù ń bà mí pé Agbọ́nmágbẹ ì bá ti bá àwọn 21 yẹn lọ.

Nígbà tó di 1976, wọ́n pín ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn sí mẹ́ta: Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Dúkìá tí wọ́n jọ ní ò ṣeé gé sí mẹ́ta, wọ́n bá dá ilé iṣẹ́ Odù'a sílẹ̀ kó máa bójú tó o. Ìpín wọn nínú Wema wà lára rẹ̀. Báǹkì wá di ti ìjọba ìpínlẹ̀ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ní 1987 ó di ilé iṣẹ́ tí gbogbo èèyàn lè ra ìpín nínú rẹ̀, ìpín náà sì dé ọjà ìdókòwò l'Ékòó ní 1990. Ní 2001, CBN fún un ní ìwé àṣẹ tó jẹ́ kó lè ṣe oríṣiríṣi òwò owó.

Oṣù Keje 2004 ni ilẹ̀ mì. Charles Soludo, gómìnà CBN, kéde pé báǹkì tí kò bá ní owó ìpìlẹ̀ bílíọ̀nù 25 náírà nígbà tí 2005 bá fi máa parí, kó gbàgbé iṣẹ́ báǹkì. Bílíọ̀nù méjì ni òfin ń béèrè tẹ́lẹ̀. Àwọn báǹkì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ara wọn kiri. Wọ́n jẹ́ 89 lọ́jọ́ tí Soludo sọ̀rọ̀. Nígbà tí ojú dá, 25 ló kù. Wema wà lára wọn, ẹni tó sì dà pọ̀ mọ́ ọn ni National Bank, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti 1933. Orúkọ àbúrò ni wọ́n jọ ń jẹ́ láti ọjọ́ náà.

Àmọ́ ìdàpọ̀ ò mú ìlera wá fún un. Ní 2009, Sanusi Lamido Sanusi gun orí àlééfà ní CBN, ó sì rán àwọn ayẹ̀wé wò lọ sí báǹkì gbogbo. Wọ́n yọ olórí báǹkì mẹ́jọ. Wọn ò yọ ti Wema, torí àwọn alákòóso tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé síbẹ̀ ni, àmọ́ wọ́n sọ fún òun àti Unity Bank pé owó ìpìlẹ̀ wọn ò tó, kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí i títí òpin oṣù Kẹfà 2010.

Ẹ wo ohun tí Wema ṣe, torí ibẹ̀ ni ìtàn yìí dùn sí jù lójú tèmi. Ní 2010, CBN pín ìwé àṣẹ báǹkì sí ọ̀nà mẹ́ta. Èyí tó lè dé òkè òkun gbọ́dọ̀ ní bílíọ̀nù 50. Ti gbogbo Nàìjíríà, bílíọ̀nù 25. Ti agbègbè, bílíọ̀nù mẹ́wàá, ìpínlẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá tó fara kanra nìkan ló sì lè ṣiṣẹ́ ní. Wema gba ti agbègbè. Gúúsù Ìwọ̀ Oòrùn, Gúúsù Gúúsù àti Àbújá ló mú. Òfin ò fún un láàyè láti ní ẹ̀ka ní Kano tàbí Enugu mọ́.

Báǹkì tó ti ń ṣiṣẹ́ káàkiri orílẹ̀-èdè wá sọ ara rẹ̀ di ti agbègbè! Ẹni tó bá gbọ́ ọ lè ní ìtìjú gbáà ni. Ṣùgbọ́n àgbò tó tàdí mẹ́yìn, agbára ló lọ mú wá. Ẹ̀ka tí kò pa owó wọlé ń jẹ owó iná, owó jẹnẹrétọ̀, owó ọlọ́dẹ àti owó oṣù lójoojúmọ́. Báǹkì tó ń ṣàìsàn ò lè máa bọ́ wọn. Ó padà síbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, ó wá owó kún owó, ó sì gba ìwé àṣẹ gbogbo Nàìjíríà padà ní 2015. Ó gbà á ní ọdún bíi mẹ́rin.

Ìyókù rẹ̀ yá. Ní ọjọ́ kejì oṣù Karùn-ún 2017, ọjọ́ tí báǹkì pé ọdún 72, ó gbé ALAT jáde, báǹkì inú fóònù. O ò ní lọ kún fọ́ọ̀mù níbì kankan, fọ́tò àti ìwé ìdánimọ̀ rẹ ni wàá fi ránṣẹ́ látorí fóònù, wọ́n á gbé káàdì wá bá ọ nílé. Ìwé àṣẹ ń sọ ibi tí ẹ̀ka lè wà. Oníbàárà tó di fóònù mú ò nílò ẹ̀ka.

Ní oṣù Kẹta 2024, CBN tún gbé òṣùwọ̀n náà sókè: bílíọ̀nù 500 fún ti òkè òkun, 200 fún ti gbogbo Nàìjíríà, 50 fún ti agbègbè, gbèdéke rẹ̀ sì jẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 2026. Wema ta ìpín tuntun, ó sì kéde ní 2025 pé òun ti kọjá 200. Lọ́tẹ̀ yìí, owó kòkó ò sí níbẹ̀. Owó àwọn tó ra ìpín ni.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ìwé àṣẹ tí báǹkì tiyín ní, ó wà nínú àkójọ tí CBN gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ti agbègbè wà lọ́tọ̀, ti orílẹ̀-èdè wà lọ́tọ̀. Bí báǹkì ńlá bá sì wó lónìí, àjọ NDIC ló máa san owó fún oníbàárà, títí dé mílíọ̀nù márùn-ún náírà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Fún báǹkì kéékèèké tí wọ́n ń pè ní microfinance, mílíọ̀nù méjì ni.